Kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, Winnipeg

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ kí n tó kó wá sí Winnipeg, mo sì ti gba ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba Manitoba ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fún mi láti oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú ohun tí mo sì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn ni àṣà àti ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìṣòro tó ń bá wọn fínra lónìí. Àwọn ọmọ First Nations (lára àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé) àti àwọn ọmọ Métis (ìran tó ti ara àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti òyìnbó jáde) wà nínú kíláàsì náà, àwọn ọmọ Filipino pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá náà sì wà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọn kò kọ́ wa ní ohunkóhun nípa wọn nílé ìwé ní Nàìjíríà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń ta ọfà kiri, mo sì mọ̀ pé irọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fipá kó àwọn ọmọ wọn sí fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí n kò ní kó jìnnìjìnnì bá a, tí n kò sì ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ tọ́ kí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ìtàn ilé bàbá rẹ̀?

Olùkọ́ àgbà, Winnipeg

Ẹ kú àmúra iṣẹ́, àbúrò mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni n óò dáhùn, àwọn yòókù yóò bá wa mú èyí tó kù. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ayé àtijọ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ọdẹ ẹfọ̀n àti àgọ́ awọ ni ọmọ kọ́kọ́ gbọ́, ohun tí yóò dúró sí i lọ́kàn ni pé àwọn ènìyàn kan gbé ibí rí, wọ́n sì ti tán. Bẹ́ẹ̀ iye wọn nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ju 1,800,000 lọ, ìyẹn ènìyàn 5 nínú 100 ní gbogbo Kánádà, kò sì sí ìlú ńlá tí wọ́n ti pọ̀ tó Winnipeg. Wab Kinew, tó jẹ́ ọmọ Anishinaabe, ló ń darí ìjọba Manitoba láti ọdún 2023. Òun ni ọmọ First Nations àkọ́kọ́ tó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà. Àwọn alààyè ni kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n tó gbọ́ ti àwọn tó ti kọjá lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ wọn ní ìtàn ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ tí a kọ́ Winnipeg lé lórí jẹ́ ilẹ̀ Àdéhùn Kìíní, tí àwọn Anishinaabe àti àwọn Cree bá aṣojú Ọbabìnrin Victoria ṣe ní Lower Fort Garry ní oṣù kẹjọ ọdún 1871, ó sì tún jẹ́ ilẹ̀ àwọn Métis ti Red River. Ìwé àdéhùn náà sọ pé wọ́n jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wọn ń sọ láti ìran dé ìran ni pé wọ́n gbà kí àwọn àlejò bá wọn lo ilẹ̀ ni, wọn kò tà á. Àwọn ìlérí kan wà tí aṣojú ìjọba fi ẹnu ṣe tí kò sí nínú ìwé, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀ títí wọ́n fi tún àdéhùn náà ṣe ní ọdún 1875. Ọdún yẹn ni wọ́n sọ owó ọdọọdún tí ìjọba ń san fún wọn di dọ́là 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, dọ́là 5 náà sì ni wọ́n ṣì ń san títí di òní. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí dọ́là 5 lè rà lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wádìí ohun tí ó lè rà nígbà náà. N kò tíì rí ọmọ tí ìbéèrè yìí kò jí lójú.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí pẹ́. Ẹ gbé ife omi ẹ̀rọ kan sórí tábìlì, kí ẹ sì béèrè ibi tí omi náà ti wá. Láti adágún omi Shoal Lake, ní ààlà Manitoba àti Ontario, ni Winnipeg ti ń fa omi mu láti ọdún 1919, nípasẹ̀ ọ̀nà omi kọnkéré tó gùn ju kìlómítà 150 lọ. Àwọn ará Shoal Lake 40 First Nation ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n ṣí àwọn ènìyàn wọ̀nyí nípò, wọ́n sì gbẹ́ ipadò kan kí omi ràkọ̀ràkọ̀ má baà dé ibi tí ìlú ti ń fa omi; ipadò yẹn ló gé ilẹ̀ wọn kúrò lára ilẹ̀ tó kù, tó fi di erékùṣù. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2019, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí yìnyín ni wọ́n sì ń gbà nígbà òtútù, àwọn kan sì jìn sínú yìnyín wọ́n kú. Láti ọdún 1997 títí di ọdún 2021 ni wọ́n fi pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún, wọ́n sì ń ra omi inú ike, nígbà tí omi kan náà ń ṣàn mọ́ gaara nínú ẹ̀rọ ilé wa ní Winnipeg. Nítorí pé kò sí ọ̀nà, owó tí wọn ì bá fi kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ omi di mímọ́ kọjá agbára.

Ẹ má ṣe dá ìtàn náà dúró níbi ìyà. Àwọn ará Shoal Lake 40 kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2014, tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Winnipeg, wọ́n sọ abúlé tiwọn náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú mọ́lẹ̀ máa bọ̀ wá wò ó. Ọ̀nà tí wọ́n ń jà fún, tí wọ́n pè ní Freedom Road, ṣí ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ omi wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Nínú ìtàn kan ṣoṣo yìí, ọmọ yóò ti rí àdéhùn, ilẹ̀, òfin, àti àwọn ènìyàn tó gbé ọ̀ràn wọn lọ́wọ́ fúnra wọn títí ó fi yanjú.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Brandon

Èmi kì í ṣe olùkọ́, òbí ni mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ mi kejì wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú adé ìyẹ́ tí wọ́n fi páálí aláràbarà ṣe, ó ní àṣà àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn. Inú obìnrin Cree tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bàjẹ́ gidigidi nígbà tó rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìyẹ́ idì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí irú adé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ takuntakun ni ènìyàn fi ń gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà, kì í sì í ṣe ohun eré. Ó tún ní àwọn ará ilẹ̀ pápá nìkan ló ni ín. Kò kan àwọn Inuit ti ìhà àríwá, kò sì kan àwọn Haida ti etí òkun ìwọ̀-oòrùn, àwọn tó ń gbẹ́ òpó igi gíga.

Nítorí náà, olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ ẹ̀yà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, olùkọ́ mìíràn pe obìnrin Métis kan wá, ó sì kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka lásán hun ọ̀já aláwọ̀ mèremère tí àwọn Métis ń dì mọ́ ìbàdí. Ọmọ mi ṣì lè sọ lónìí iṣẹ́ tí ọ̀já náà ń ṣe fún àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn ọdẹ wọn: wọ́n ń fi í gbé ẹrù, wọ́n ń fi í so nǹkan. Ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Olùkọ́ ìtàn ní girama, Regina

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tipátipá ni kí n gbà. Ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé àwọn ọmọ Yorùbá inú kíláàsì yín, àti àwọn òbí wọn pàápàá, lè má tètè lóye ìwà ìkà tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí tó rí jájẹ ló ń fi ọmọ sí bọ́dìn. Òun ló yan ilé ìwé náà, òun ló ń sanwó, ó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, ọmọ náà sì ń wálé nígbà ìsinmi. Mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan nínú wa béèrè pé, “Kí ló wá burú nínú bọ́dìn?” Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tú ìyàtọ̀ náà palẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Láti nǹkan bí ọdún 1883 títí di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ tó ju 150,000 lọ ni wọ́n kó lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ìjọba ló ń fún wọn lówó, àwọn ìjọ Kátólíìkì, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ló ń darí wọn. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1920 fún ìjọba lágbára láti fipá mú ọmọ, òbí tó bá sì kọ̀ lè fojú winá òfin. Wọ́n gé irun àwọn ọmọ náà, wọ́n gba aṣọ wọn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè wà nínú ọgbà kan náà kí wọ́n má lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìjọba kò fi èrò rẹ̀ pamọ́: wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà má mọ ohun tí òbí rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ kú níbẹ̀. Ní ọdún 1907, Dókítà Peter Bryce, tó jẹ́ olórí oníṣègùn ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, kọ ìròyìn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa àwọn ọmọ nínú àwọn ilé tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ìjọba kò ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n fipá mú un fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde ní ọdún 1922, ó sì pe ohun tí wọ́n ṣe ní ìwà ọ̀daràn. Ibùdó tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní Yunifásítì Manitoba níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, orúkọ àwọn ọmọ tó kú tí wọ́n sì ti kó jọ ju 4,000 lọ. Mo fi ti Bryce kún un nítorí àwọn ọmọ girama, torí wọ́n máa ń sọ pé “ayé ìgbà yẹn ni, wọn kò mọ̀ pé kò dára.” Wọ́n mọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi lé wọn lọ́wọ́.

Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìtàn Phyllis Webstad ni kí ẹ lò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ní ọdún 1973 nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà ra ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tuntun kan fún un láti wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Joseph's Mission ní British Columbia. Lọ́jọ́ tó dé ibẹ̀ ni wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, kò sì rí i gbà padà. Ìdí nìyí tí a fi ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọjọ́ ìsinmi ní ọdún 2021. Ọmọ kékeré mọ ohun tó ń jẹ́ aṣọ tuntun tí ìyá àgbà rà. Kò nílò kí ẹ sọ èyí tó burú jù lọ fún un kó tó mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ.

Mẹ́ta péré ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn olùkọ́ tuntun. Ẹ má ṣe fi í ṣeré ìtàgé láéláé, pé kí ọmọ kan ṣe bí ọlọ́pàá tó wá mú ọmọ, kí èkejì máa sunkún. Ẹ má ṣe yíjú sí ọmọ First Nations kan kí ẹ ní kó sọ bí ó ṣe rí lára ìdílé rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ àgbà lè wà lára àwọn tó ti ibẹ̀ jáde: ilé-ẹ̀kọ́ Assiniboia wà nínú Winnipeg gan-an láti ọdún 1958 sí 1973, àwọn tó lọ ibẹ̀ ṣì wà láyé. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ṣáájú, kí wọ́n mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé àwọn òbí kan fi ọmọ pamọ́ sínú igbó, àwọn ọmọ mìíràn sá, àwọn tó yè bọ́ sì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ yẹn ló bí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí Adájọ́ Murray Sinclair, ọmọ Anishinaabe láti Manitoba, darí, tí wọ́n sì gbé ohun 94 tí ìjọba àti aráàlú gbọ́dọ̀ ṣe jáde ní ọdún 2015. Èyí tó jẹ́ ìkejìlélọ́gọ́ta ni pé kí a máa kọ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé ní ìtàn yìí.

Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, Winnipeg

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ mẹ́nu bà mú kí n rántí bí wọ́n ṣe máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa nílé ìwé bí a bá sọ fànákúlà. Ṣé mo lè fi ohun tí òyìnbó ṣe fún àwa náà wé e, kí àwọn ọmọ Yorùbá inú kíláàsì lè tètè lóye rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, Edmonton

Ẹ lè lò ó láti wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gba owó ìtanràn fànákúlà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sílé lálẹ́, ó sì bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù sì wà nínú òfin. Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọdún náà ni Kánádà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí àwọn ọmọ First Nations dìbò yan ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pàdánù ipò wọn lábẹ́ òfin. Lọ́dọ̀ tiwa, òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó dé kò lọ, òfin tó ṣe fún wọn ní ọdún 1876, tí wọ́n ń pè ní Indian Act, ṣì wà nílẹ̀ títí di òní bí wọ́n tilẹ̀ ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin yìí ló ń sọ ẹni tí ìjọba kà sí ọmọ First Nations àti ẹni tí kò kà sí i. Ó fòfin de ayẹyẹ potlatch, níbi tí àwọn ará etí òkun ìwọ̀-oòrùn ti ń pín ẹ̀bùn fún àwọn àlejò wọn, láti ọdún 1885 sí 1951. Láti ọdún 1927 sí 1951, ìwà ọ̀daràn ni kí wọ́n dáwó láti fi gba agbẹjọ́rò lórí ọ̀ràn ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ ìjọba. Títí di ọdún 1985, obìnrin wọn tó bá fẹ́ ọkùnrin tí kò sí lábẹ́ òfin náà pàdánù ipò rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin wọn kò pàdánù tirẹ̀. Ó yẹ kí òbí Yorùbá tó ń gbé ní Kánádà mọ gbogbo èyí, nítorí ilẹ̀ tí ọ̀ràn yìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀ ni a kó wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ìtàn tiwa àti tiwọn ti sún mọ́ ara wọn gidi, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Ní ọdún 1840, ní Norway House ní Manitoba, James Evans tó jẹ́ míṣọ́nnárì tẹ èdè Cree jáde ní lẹ́tà tó ní ìrísí àrà ọ̀tọ̀; ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Àjàyí Crowther jáde. Àwọn àgbà Cree kan ní tiwọn sọ pé kì í ṣe Evans ló ni í, pé ẹ̀bùn ni lẹ́tà náà jẹ́ fún ọkùnrin Cree kan tí à ń pè ní Calling Badger. Ẹ sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ya ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà sójú pátákó, ẹ óò rí i pé ìrísí kan ṣoṣo dúró fún kọ́ńsónáǹtì, bí ẹ bá sì ṣe yí i sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì ni fáwẹ̀lì rẹ̀ ń yí padà. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn èyí dé ibi pé wọn kì í fẹ́ parẹ́ rẹ̀. Àwọn Inuit ti Nunavut, agbègbè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ń lo irú lẹ́tà yìí lára pátákó ọ́fíìsì ìjọba.

Òṣìṣẹ́ àbójútó ọmọ, Saskatoon

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òní. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ju 7.7 lọ nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n àwọn ni 53.8 nínú 100 àwọn tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Kánádà dájọ́ pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ń gbé lórí ilẹ̀ First Nations kéré débi pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Cindy Blackstock, ọmọ Gitxsan, wà lára àwọn tó gbé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀ ní ọdún 2007. Nítorí náà, olùkọ́ wa, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ ló ń gbé wà nínú kíláàsì yín. Ẹ má ṣe fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá pé kí wọ́n ya igi ìdílé wọn láìfi àyè sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ nípa ẹni tó ń tọ́jú wọn tàbí ibi tí wọ́n fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ní, àárín ara wa ni. Mo ti jókòó ní òde àríyá tí àwọn ènìyàn wa ti ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀, pé ìjọba ń fún wọn lówó ọ̀fẹ́, nítorí pé wọ́n rí àwọn díẹ̀ tí ọtí ti bàjẹ́ ní àárín ìlú. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́, wọ́n sì ń gbé e lọ sí kíláàsì. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ mi pé ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọn kò fọwọ́ ìfẹ́ kàn án títí ó fi di ọ̀dọ́, kò ní ibi tí yóò ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní ilé ìwé ọjọ́ Sátidé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí kún un níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì pe àwọn òbí sí i.

Olùkọ́ àgbà, Winnipeg

Ó ku ìbéèrè kẹta: ṣé ó tọ́ kí àlejò máa kọ́ ọmọ onílẹ̀? Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀, àdéhùn, òfin, ọ̀rọ̀ omi, ẹ kọ́ wọn láìbẹ̀rù, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún ni. Ètùtù, orin ìsìn, àti ìtàn tí wọn kì í sọ àfi ní àkókò òtútù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Fún ìyẹn, ẹ óò nílò àgbà kan láàárín wọn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú yìí sì ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ó mú yín mọ àgbà.

Bí a kì í ṣe lọ bá bàbá àgbà lọ́wọ́ òfo lọ́dọ̀ tiwa láìmú obì dání, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn First Nations ìhà ibí ṣe ń fi tábà bẹ àgbà. Ẹ fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ ohun tí ẹ fẹ́. Bí ó bá gbà á, ó ti gbà láti wá nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló ń ṣe èyí, kì í ṣe àṣà àwọn Inuit, nítorí náà, ẹ béèrè ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwé san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e wá tí yóò sì gbé e padà, kí ẹ sì wá àga tó tura sílẹ̀ fún un. Ẹ má sọ iye ìṣẹ́jú tí yóò fi sọ̀rọ̀ fún un.

Gbogbo ilé ìwé ló ń wá àgbà ní ọ̀sẹ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ó sì ń rẹ àwọn àgbà náà. Ẹ pe tiyín fún oṣù kọkànlá, kí ẹ tún pè é ní oṣù kejì, kó lè mọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín wo ètò ẹ̀kọ́ yín kí oṣù kẹjọ tó parí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níbí.